Ìbéèrè Yín Lórí Òfin Òwò: Ṣé Kí N Fọwọ́ Ara Mi Forúkọ Àmì Ọjà Mi Sílẹ̀?

Lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ lórí orúkọ iléeṣẹ́ ní abala yìí, ohun tí àwọn òǹkàwé wa ń béèrè jù lọ ni ọ̀rọ̀ àmì ìdánimọ̀ ọjà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí trademark: orúkọ, àwòrán tàbí gbólóhùn tí oníbàárà fi ń mọ ọjà ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ìbéèrè kan náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ń gbé wá ní oríṣiríṣi ọ̀nà, ìyẹn ni pé ṣé kí oníṣòwò fúnra rẹ̀ kọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni, tàbí kí ó san owó fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Mo ti yan márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, mo gé wọn kúrú, mo sì yọ ohun tó lè mú kí a dá àwọn tó kọ wọ́n mọ̀ kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ṣe ọṣẹ ìwẹ̀ àti òróró ìpara tí mo ń tà lábẹ́ orúkọ kan tí mo fúnra mi ronú kàn. Ọjà náà ti ń gbèrú, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ẹlòmíràn má lọ gba orúkọ náà mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wo fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì jọ ohun tó le. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tí mo bi léèrè sọ pé ewu ni kí n dá a ṣe, iye tó sì ní kí n san jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó ìforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ló ń sọ, àbí iṣẹ́ ló kàn ń wá?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, inú mi sì dùn pé ọjà yín ń tà. Apá kan òótọ́ ni agbẹjọ́rò yẹn sọ, apá kan sì wà tí kò sọ fún yín. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin gba ẹni tó ni ọjà láyè láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìbéèrè, kí ó san owó, kí ó sì máa bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ títí ìwé ẹ̀rí yóò fi jáde. Ẹni tó bá lè ṣí àkáǹtì ní báńkì lè kọ fọ́ọ̀mù náà. Ohun tí fọ́ọ̀mù kì í sọ fún ènìyàn ni pé àwọn ibi tí a ń kọ nǹkan sí nínú rẹ̀ kò dọ́gba. Bí ẹ bá ṣi nọ́ńbà fóònù yín kọ, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ẹ ó fi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta kan wà tó jẹ́ pé, bí ẹ bá ṣì wọ́n kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kò ní gbà kí ẹ yí wọn padà lórí ìwé kan náà: ẹni tó ni àmì, bí àmì náà ṣe rí, àti àkójọ ọjà tí ẹ fẹ́ lò ó fún. Ìwé tuntun ni ẹ ó kọ, ẹ ó sì tún owó san, nítorí wọn kì í sábà dá ti àkọ́kọ́ padà. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tuntun ni ìwé tuntun yóò rù. Níbi tó jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ni òfin ń gbè, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé láàárín ọjọ́ méjèèjì ti ṣáájú yín nìyẹn.

Nítorí náà, èmi kì í bi oníṣòwò bóyá ó lè dá a ṣe. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé èwo nínú iṣẹ́ náà ni a lè tún ṣe bí ó bá bàjẹ́, èwo sì ni kò ṣeé tún ṣe, kí ìwọ̀nba owó tó wà lọ́wọ́ lè lọ síbi tí kò ṣeé tún ṣe yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó ni àmì, nítorí ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti kọsẹ̀. Nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan dá iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kékeré kan sílẹ̀, èmi ni mo jókòó kọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ àmì wa, orúkọ ara mi ni mo sì fi síbi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tó ni ín, nítorí pé ọwọ́ mi ni mo fi ń kọ ọ́, owó mi ni mo sì fi san án. Bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ wa ló ń lo orúkọ náà, kì í ṣe èmi. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹnì kan fẹ́ gba àṣẹ láti fi àmì wa ṣòwò, agbẹjọ́rò rẹ̀ yẹ ìwé wa wò, ó sì sọ pé ẹni tó forúkọ sílẹ̀ kọ́ ló ni àmì. Ó di dandan kí a tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà wọn sọ ọ́ kedere pé ìwé tí ẹni tí kò ni àmì bá fi sílẹ̀ ti di òfo láti ìbẹ̀rẹ̀, àtúnṣe kankan kò sì lè gbé e dìde. Ìbéèrè tí ẹni tó mọṣẹ́ ì bá ti bi mí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ: ta ló ń ta ọjà náà lónìí, ta ni yóò sì máa tà á lọ bí ẹ̀yin méjèèjì bá pínyà? Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè yẹn kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Àkójọ ọjà ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti ń rí àṣìṣe jù lọ. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ìlú Nice ní ọdún 1957 ló bí ètò tó pín gbogbo ọjà àti iṣẹ́ sí ìsọ̀rí, tí wọ́n ti di 45 báyìí: ìsọ̀rí 1 sí 34 jẹ́ ti ọjà, 35 sí 45 sì jẹ́ ti iṣẹ́ tí a ń ṣe fún ènìyàn. Ọṣẹ ìwẹ̀ àti òróró ìpara yín wà ní ìsọ̀rí 3. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ọṣẹ náà ń wo làpálàpá, ọṣẹ ìwòsàn ni, ìsọ̀rí 5 sì ni ilé rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ta ọjà àwọn ẹlòmíràn lábẹ́ orúkọ yín, iṣẹ́ ìtajà nìyẹn, ìsọ̀rí 35. Nítorí pé iye ìsọ̀rí ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì fi ń ka owó, àwọn tó ń dá a ṣe máa ń mú ẹyọ kan, wọ́n a sì kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìwé bá ti wọlé, ẹ lè gé nínú àkójọ náà, ẹ kò lè fi kún un. Ẹni tó kọ “ọṣẹ” nìkan ní ọdún yìí, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta òróró ìpara lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní ààbò lórí òróró náà bí kò ṣe pé ọjà méjèèjì jọ ara wọn débi tí yóò fi lè jà fún un nílé ẹjọ́.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù èyí, wọ́n a wá da gbogbo ohun tó wà nínú ìsọ̀rí sínú ìwé. Ìyẹn náà ní wàhálà tirẹ̀. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti Àjọṣepọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù dájọ́ pé àkójọ ọjà gbọ́dọ̀ ṣe kedere débi tí ọ́fíìsì àti àwọn oníṣòwò yòókù yóò fi lè mọ ibi tí ẹ̀tọ́ ẹni tó ni àmì dé, pé kì í ṣe gbogbo àkọlé gbogbogbòò ló kúnjú ìwọ̀n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àdéhùn TRIPS ti Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé gbà kí a fagi lé àmì tí wọn kò lò fún ó kéré tán ọdún mẹ́ta léra wọn láìsí ìdí pàtàkì, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì fi tiwọn sí ọdún márùn-ún. Ohun tí ẹ kò tà ni ẹni tó bá fẹ́ bá yín jà yóò kọ́kọ́ dì mú.

Ní ti orúkọ fúnra rẹ̀, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àyẹ̀wò yìí ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà, ẹ sì lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àjọ WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àmì ọjà àti irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, tó wà ní Geneva, ní àpò àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Global Brand Database, ọ́fíìsì Àjọṣepọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù ní TMview, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì orílẹ̀-èdè sì ní tiwọn. Àṣìṣe tí àwọn ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n ń wá orúkọ wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, bí wọn kò bá sì rí i, wọ́n a gbà pé ọ̀nà ti là. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò kì í wá orúkọ tó bá tiyín mu ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń wá ni orúkọ tó lè ṣi oníbàárà lọ́nà, yálà nípa bí ó ṣe ń dún létí, bí ó ṣe rí lójú, tàbí ìtumọ̀ rẹ̀. Bí orúkọ yín bá ní K, ẹ wá a pẹ̀lú C àti Q. Bí ó bá ní ìró méjì, ẹ yí ìró kan padà kí ẹ tún un wá. Ẹ wá ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè mìíràn pẹ̀lú, nítorí níbi tí wọ́n bá ti ka ìtumọ̀ sí, àmì tó ń jẹ́ Ìràwọ̀ àti èyí tó ń jẹ́ Star lè forí gbárí lórí irú ọjà kan náà. Ẹ má sì fi àyẹ̀wò mọ sí ìsọ̀rí yín, torí ọṣẹ ìsọ̀rí 3 àti ọṣẹ ìsọ̀rí 5 ni oníbàárà máa ń bá lórí pẹpẹ kan náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀ rárá ṣùgbọ́n tí wọ́n ti ń lo orúkọ náà ṣáájú yín. Ní àwọn orílẹ̀-èdè bí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, lílo orúkọ lásán lè fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ kan.

Wíwá rọrùn. Ohun tó le ni ìdájọ́ lórí ohun tí a rí. Bí àyẹ̀wò bá gbé orúkọ mẹ́fà jáde tí wọ́n jọ tiyín díẹ̀díẹ̀, ta ni yóò sọ èyí tó léwu nínú wọn? Ìdájọ́ yẹn ni ìmọ̀ tí agbẹjọ́rò tó ti rí ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ ń tà, ohun náà ni mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ rà.

Bí mo bá wà ní ipò yín, ìrọ̀lẹ́ méjì ni n ó fi ṣe àyẹ̀wò, n ó kọ gbogbo ohun tí mo rí sílẹ̀, n ó sì kọ àkójọ ọjà tí mo ń tà àti èyí tí mo dájú pé n ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà láìpẹ́. N ó gbé ìwé méjèèjì lọ bá agbẹjọ́rò tàbí aṣojú tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, n ó sì ní kí ó gba owó kan ṣoṣo láti yẹ̀ wọ́n wò kí ó sì fún mi ní èsì tó kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fi ṣe ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń dárúkọ fún oníbàárà. Bí ọ̀nà bá mọ́, n ó fi ọwọ́ ara mi fi ìwé sílẹ̀. Bí wọ́n bá rí àmì kan tó sún mọ́ tèmi jù, n ó yí orúkọ padà tàbí kí n fa gbogbo iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Ohun tí mi ò ní ṣe ni kí n dá gbogbo rẹ̀ ṣe tán, kí n wá gba agbẹjọ́rò lẹ́yìn tí ìwé bá ti bàjẹ́, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni owó rẹ̀ ń pọ̀ jù, tí ohun tó lè ṣe sì kéré jù.

Ìbéèrè: Èmi àti ìyàwó mi ṣe ètò orí fóònù kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò, a sì sọ ọ́ ní orúkọ tó túmọ̀ sí “ìṣirò kíákíá”. A fi ọwọ́ ara wa fi ìwé sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méje, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì pé orúkọ náà kàn ń ṣàlàyé ohun tí ọjà náà ń ṣe ni, àti pé ó tún jọ àmì kan tó ti wà tẹ́lẹ̀ jù. Ṣé a lè fèsì fúnra wa, àbí kí a fi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo ọjọ́ tí ìdáhùn yín gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì, kí ẹ sì kọ ọ́ síbi tí ẹ̀yin méjèèjì yóò ti máa rí i. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù Kejìlá ọdún 2022, oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ olùbéèrè, ẹni tó bá sì san owó lè gba oṣù mẹ́ta mìíràn. Ibòmíràn lè kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, wọn yóò kà á sí pé ẹ ti kọ ìwé náà sílẹ̀, bó ti wù kí èsì yín dára tó.

Ìdí méjì tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà náà kì í ṣe àìsàn kan náà. Ti àkọ́kọ́ wá láti inú orúkọ tí ẹ yàn. Òfin kò fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gba ọ̀rọ̀ tí gbogbo àwọn tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ nílò láti fi júwe ọjà wọn. Ìdí nìyí tí Kodak fi lágbára, nítorí pé wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ni, kò ní ìtumọ̀ kankan tẹ́lẹ̀. Apple náà lágbára, nítorí pé èso kò bá kọ̀ǹpútà tan rárá. “Ìṣirò kíákíá” fún ètò tó ń kọ́ni ní ìṣirò kíákíá wà ní òdìkejì. Oògùn tó wà fún un ni ẹ̀rí pé àwọn oníbàárà ti mọ orúkọ náà mọ́ yín pátápátá: ìwé títà, ìpolówó, iye ọdún tí ẹ ti ń lò ó. Ọ́fíìsì Amẹ́ríkà lè gba ọdún márùn-ún tí ènìyàn fi lo àmì léraléra tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan ló ń lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, bí orúkọ náà kò bá ti júwe ọjà jù. Bí ètò yín kò bá tíì pé ọdún méjì, n kò rí ibi tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ yóò ti wá. Ẹ lè fi ìwé tuntun sílẹ̀ fún àwòrán àmì yín pẹ̀lú orúkọ náà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán náà ni ẹ ó ní, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ tó ń lo ètò náà kò bá tíì pọ̀, èmi yóò wá orúkọ mìíràn nísinsìnyí tí àyípadà kò tíì náni lówó púpọ̀.

Bí ẹ bá pinnu láti dúró ti orúkọ yìí, ìdí kejì ni n kò fẹ́ kí ẹ fèsì sí láìgba ìmọ̀ràn. Èsì lórí pé àmì méjì jọra jẹ́ àròjinlẹ̀ òfin, ohun tí ẹ bá sì kọ yóò wà nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè kà. Bí ẹ bá kọ ọ́ lónìí pé tiyín àti ti onítọ̀hún kò jọra nítorí ìyàtọ̀ lẹ́tà méjì, ẹni tó bá fi lẹ́tà méjì yàtọ̀ sí yín lọ́la yóò mú ọ̀rọ̀ ẹnu yín wá bá yín. Agbẹjọ́rò lè rí i pé gígé àkójọ ọjà kù ti tó, tàbí pé kí a bá ẹni tó ni àmì àkọ́kọ́ ṣe àdéhùn kí ó fi ọwọ́ sí ìwé pé òun kò lòdì sí i. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ pe onítọ̀hún fúnra yín. Ó lè jẹ́ pé kò mọ̀ pé ẹ wà, ìpè yín ni yóò sì jẹ́ ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gbà.

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo dá fi ìwé àmì ọjà mi sílẹ̀, wọ́n fi ìwé owó kan ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú òǹtẹ̀ tó jọ ti ìjọba, pé bí n kò bá sanwó láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, orúkọ mi kò ní jáde nínú ìwé àkọsílẹ̀. N kò ní agbẹjọ́rò tí mo lè bi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe sanwó náà o. Orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tó fi ìwé sílẹ̀ sábà máa ń wà níta gbangba nínú àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì, àwọn oníjìbìtì sì ń kó wọn níbẹ̀ láti fi kọ irú ìwé yìí. WIPO, ọ́fíìsì Amẹ́ríkà àti ti Àjọṣepọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù ni gbogbo wọn ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ lórí ìkànnì wọn, tí wọ́n sì fi àpẹẹrẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ wọ inú àkáǹtì tí ẹ fi kọ ìwé yín lórí ìkànnì ọ́fíìsì gan-an, kí ẹ wò ó bóyá owó kankan wà tí wọ́n ń retí. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí gbèsè lọ́rùn yín. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà bí ẹnì kan bá pè yín lórí fóònù pé òun jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, tó ń béèrè nọ́ńbà káàdì ìsanwó yín.

Ọ̀kan nínú àǹfààní aṣojú nìyí tí àwọn ènìyàn kì í rántí: ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni lẹ́tà ọ́fíìsì ń lọ, nítorí náà ìwé owó tó bá wá tààrà sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò ti di ohun ìfura. Ẹni tó bá ń dá a ṣe gbọ́dọ̀ máa ṣe iṣẹ́ olùṣọ́ yẹn fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Bàtà ni mo ń ṣe. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí àmì mi ní orílẹ̀-èdè mi láìgba ẹnikẹ́ni. Ní báyìí, àwọn oníbàárà ń béèrè ọjà mi láti orílẹ̀-èdè mẹ́rin mìíràn. Ṣé ìwé ẹ̀rí mi tó, àbí agbẹjọ́rò mẹ́rin ni n ó gbà?

Ìdáhùn: Ìwé ẹ̀rí yín kò ní agbára kọjá ààlà orílẹ̀-èdè tó fún yín, àyàfi níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè bá ti jọ ń lo ọ́fíìsì kan. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ẹ gba agbẹjọ́rò mẹ́rin lọ́jọ́ kan náà. Bí orílẹ̀-èdè yín bá wà nínú ètò Madrid, tó ti wà láti ọdún 1891, tí ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ń lò ó lónìí sì jẹ́ ti ọdún 1989, ẹ lè kọ ìwé kan ṣoṣo ní èdè kan, kí ẹ gbé e gba ọ́fíìsì ilẹ̀ yín lọ sí WIPO, kí ẹ sì dárúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí wọ́n bá wà nínú rẹ̀. Ètò náà ti kó orílẹ̀-èdè tó ju 120 lọ mọ́ra. WIPO kò fi dandan lé e pé kí ẹ ní aṣojú.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ fi sọ́kàn. Àkójọ ọjà yín kò lè fẹ̀ ju ti ilé lọ: bí ẹ bá kọ bàtà ní ìsọ̀rí 25 tí ẹ kò sì kọ bẹ́líìtì tàbí ṣòkòtò, bàtà nìkan ni ẹ ó gbé jáde. Lẹ́ẹ̀kejì, fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ìforúkọsílẹ̀ tòkèèrè rọ̀ mọ́ ti ilé, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fagi lé ti ilé, àwọn yòókù yóò bá a lọ. Nítorí èyí, bí ẹ bá mọ̀ pé ìwé tí ẹ dá kọ ní àléébù, ẹ má tíì gbé e lọ síbi kankan. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ́fíìsì orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ ọ̀rọ̀ wò ní ìlànà tirẹ̀, bí ọ̀kan bá sì kọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ dandan kí ẹ ní aṣojú níbẹ̀ láti fèsì. Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 pé olùbéèrè tí ibùgbé tàbí iléeṣẹ́ rẹ̀ kò sí ní orílẹ̀-èdè wọn gbọ́dọ̀ ní agbẹjọ́rò tó gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà.

Bí oṣù mẹ́fà kò bá tíì pé láti ọjọ́ tí ẹ fi ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ nílé, ẹ yára, nítorí Àdéhùn Paris ti ọdún 1883 yóò jẹ́ kí wọ́n ka ìwé tòkèèrè yín sí èyí tó wọlé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti ilé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọjọ́ tí ẹ bá dé ibẹ̀ ni wọn yóò máa kà. Ìkáńjú yìí lè mú kí owó aṣojú jẹ́ owó tó tọ́ láti san.

Ìbéèrè: Mo ti gbà pé mo nílò ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìkànnì pọ̀ tí wọ́n ń ṣèlérí ìforúkọsílẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, n kò sì mọ bí n ó ṣe dá ẹni tó mọṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí oníjìbìtì.

Ìdáhùn: Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé yín gan-an, kì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́ nìkan, kí ẹ sì wá orúkọ náà lọ́dọ̀ àjọ tó ń fún àwọn agbẹjọ́rò tàbí aṣojú níwèé àṣẹ ní orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀pọ̀ ìkànnì owó pọ́ọ́kú kì í ṣe ju kí wọ́n da ohun tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù lọ. Ìyẹn ẹ lè ṣe é fúnra yín, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ó tilẹ̀ fara balẹ̀ jù wọ́n lọ. Ẹni tó bá ṣèlérí pé àmì yín yóò wọlé dájúdájú kò mọṣẹ́ tàbí kò sọ òtítọ́, nítorí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni ìpinnu wà, àwọn ẹlòmíràn sì tún ní ààyè láti tako o lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde, fún ọgbọ̀n ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, fún oṣù mẹ́ta ní Àjọṣepọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù.

Ẹ bi wọ́n ní ohun tí owó wọn kò kó mọ́ra ju ohun tó kó mọ́ra lọ. Ṣé àyẹ̀wò wà nínú rẹ̀, àbí ẹ ó san ìyẹn lọ́tọ̀? Bí ọ́fíìsì bá kọ lẹ́tà, èló ni èsì kan? Ta ni yóò máa ṣọ́ ọjọ́ ìsọdọ̀tun, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, àti àwọn ọjọ́ tó wà láàárín, bí ìwé ẹ̀rí lílò tí Amẹ́ríkà ń béèrè láàárín ọdún karùn-ún sí ìkẹfà? Mo ti rí oníṣòwò tí àmì rẹ̀ kú nítorí pé aṣojú rẹ̀ fẹ̀yìn tì, tí lẹ́tà ọ́fíìsì sì ń lọ sí àdírẹ́sì tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ rí i dájú pé orúkọ yín ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni àmì, pé ímeèlì tiyín wà nínú fáìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, àti pé wọn yóò fún yín ní ẹ̀dà ohun gbogbo tí wọ́n bá fi sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo èyí sínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó san owó kankan. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.